Ọlọ̀tẹ̀ Ajẹbọ́tà

Ẹ̀dá kan wà ní ọgbà yunifásítì Amẹ́ríkà tí kì í tán níbẹ̀, ọlọ̀tẹ̀ ajẹbọ́tà. Irùngbọ̀n rẹ̀, ìwé Marx tí kò kà kọjá ojú ewé kẹwàá, ìyẹn kò ni wá lára. Ìwé tó kọ ohun tó ń béèrè sí ni kí ẹ bá mi wò. Ì báà jẹ́ ogun ló ń bá jà, ì báà jẹ́ ìyà tálákà, ẹ ṣáà máa kà á lọ; ibì kan ń bẹ tí ẹ ó ti bá a pé kí ẹnikẹ́ni má fìyà jẹ òun. Kò pè é ní ẹ̀bẹ̀ o, ẹ̀tọ́ ló pè é. Ó fọ́ ilẹ̀kùn ọ̀gá, ó jókòó sórí àga ọ̀gá, ó mu sìgá ọ̀gá, ó wá na bírò sí ọ̀gá pé kó fọwọ́ sí i pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Columbia, ní New York, ní oṣù kẹrin 1968, nínú ọ́fíìsì Grayson Kirk, ààrẹ yunifásítì náà. Ẹjọ́ tí wọ́n gbé wá kì í ṣe ẹjọ́ burúkú: yunifásítì fẹ́ kọ́ ilé eré ìdárayá sínú ọgbà ìtura Morningside, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Harlem, ó sì lọ́wọ́ nínú ìwádìí ohun ìjà. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ìdáríjì ni ìdúnàádúrà há sí, títí ọlọ́pàá fi dé, tí wọ́n kó nǹkan bí 700 ènìyàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ẹni tó bá gba ìjìyà ti gbà pé òun jẹ̀bi. Àlàyé lọ́yà nìyẹn. Ní 1961, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú jókòó síbi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ fún aláwọ̀ funfun nìkan ní Rock Hill, South Carolina; adájọ́ ní kí wọ́n san 100 dọ́là tàbí kí wọ́n fi 30 ọjọ́ ṣiṣẹ́ àṣekára. Mẹ́sàn-án nínú wọn kọ̀, wọn ò san kọ́bọ̀, wọ́n lọ ṣẹ̀wọ̀n. Ta ló wá sọ pé wọ́n jẹ̀bi? Ẹ̀wọ̀n yẹn gan-an ló tú àṣírí òfin.

Àwọn kan á ní ṣé mo gbàgbé yunifásítì Kent State ni, níbi tí sójà ti pa akẹ́kọ̀ọ́ 4 ní 1970. N ò gbàgbé. Ohun tó ń bí mi nínú jù nìyẹn, pé ẹni tí ìwé ìkìlọ̀ lásán ń dá jìnnìjìnnì bò á máa fi aṣọ òkú ṣe fújà. Wọ́n á tún ní wọn ò kọ́ ilé eré ti Columbia náà mọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Harlem ti ń bá yunifásítì fà á kí ọmọ olówó tó jí lójú oorun.

Ní 2024, nítorí ogun Gaza, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Columbia tún wọ Hamilton Hall, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí wọ́n gbà ní 1968, wọ́n sì fi àga dí ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀ ọjọ́ náà kò tíì ṣú tí agbẹnusọ wọn fi ko àwọn oníròyìn lójú: ó ní kí wọ́n jẹ́ kí oúnjẹ àti omi wọlé. Ìdí tó sọ ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sanwó oúnjẹ fún yunifásítì.