Ẹṣin Gbé Ọba, Èmi Gbé Kúlà

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará. Bí wọ́n bá ní kí n tún ayé wá, ẹṣin Dọ́bà, ayẹyẹ tí àwọn ẹlẹ́ṣin fi ń kí Ẹ́míà, ni mo máa yàn láti jẹ́.

Ẹ wo ẹṣin náà ná. Wọ́n á fi aṣọ aláràbarà bò ó láti orí dé ìrù, wọ́n á ṣe ìjánu rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, ẹnì kan á fà á lọ́wọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ènìyàn kan ṣoṣo ló máa gùn ún. Èmi ńkọ́? Ní ọjọ́ kejì Iléyá kan, kúlà wà lórí mi, ẹní wà ní abíyá mi, agboòrùn méjì wà lọ́wọ́ mi, àpò ìyá ìyàwó mi sì kọ́ mi lọ́rùn bí oǹdè.

Ìlú wa Kàdúná ló kọ́kọ́ kó bá mi. Kì í ṣe ìlú ọba àtijọ́. Òyìnbó Lugard ló yan ibẹ̀ fún iṣẹ́ ìjọba, ó sì di olú ìlú Àríwá ní 1917. Ọ́fíìsì kún ibẹ̀, bárékè kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n Sáríà ni ààfin Ẹ́míà Zazzau wà, nǹkan bí 80 kìlómítà sí wa. Dọ́bà ńláńlá tí Kàdúná tíì rí, ti ìjọba ni: wọ́n gun ẹṣin fún Ọbabìnrin Ẹlísábẹ́ẹ̀tì ní 1956, wọ́n tún gùn ún fún àjọ̀dún FESTAC ní 1977, èyí tí wọ́n kọ́ Durbar Hotel nítorí àlejò rẹ̀. Àfi bí ọbabìnrin mìíràn bá ń bọ̀, ẹni tó bá fẹ́ wo ẹṣin ní ọdún Iléyá ní láti lọ wọ mọ́tò Sáríà ní gáréèjì Kawo.

Láti ọjọ́ Árífà ni mo ti sọ fún Ìyá Ìbejì pé aago mẹ́fà ìdájí la ó kúrò nílé. Ó ní, "Kò burú, Bàbá Ìbejì." Ẹ̀yin tí ẹ láya nílé, ẹ mọ "kò burú" yẹn.

Aago mẹ́fà lù, ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ṣì wà lórí iná, nínú ìkòkò tí a fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Mo ní, "Ṣé wọn kì í ta oúnjẹ ní Sáríà ni?" Ó ní, "Ta ló mọ ọwọ́ tó sè é?" Mo dákẹ́. Aago méje, ó ku gèlè. Ó we é, kò dáa. Ó tú u, ó tún un we. Ankara kan náà ló rán fún àwa márààrún, ó ní kí a lè tètè rí ara wa láàárín èrò. Nígbà tí a dé Kawo, ìdajì àwọn obìnrin tó wà ní gáréèjì ló wọ ankara yẹn. Àwọn ìbejì ní àwọn ò lọ bí fóònù àwọn ò bá kún, bẹ́ẹ̀ NẸ́PÀ ti mú iná lọ. Ìyá ìyàwó mi ní orúnkún òun kò gba ìdúró, àpótí ìjókòó òun gbọ́dọ̀ bá wa lọ.

Aládùúgbò wa kan, Màláàmù tó ń ta kílíṣí, ti jáde lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Tẹ̀súbáà àti ìgò omi kan ló mú dání. Ó rí mi níbi tí mo ti ń gbé kúlà wò bóyá yóò ṣe é gbé, ó ní, "Sannu da kaya." Bí Hausa ṣe ń kí ẹni tó ru ẹrù nìyẹn, bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ kú ẹrù. Mo dáhùn, "Yauwa." N kò mọ̀ pé oríkì mi fún ọjọ́ náà ló kì yẹn. Ọlọ́kadà kí mi bẹ́ẹ̀, ẹlẹ́fùúrá kí mi bẹ́ẹ̀. Dírẹ́bà náà kí mi, lẹ́yìn náà ló gba owó ọkọ̀ kúlà àti ti àpótí lọ́tọ̀.

A dé Sáríà, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ohun tí gbogbo ayé ń torí ẹ̀ wá ni jahi: àwọn ẹlẹ́ṣin á sáré eré àsápajúdé lọ síwájú Ẹ́míà, wọ́n á dúró lójijì bí ẹni pé ilẹ̀ tán, wọ́n á na idà sókè láti kí i. Mo gbọ́ kàkàkí. Eruku ni mo rí. Nígbà tí mo sọ kúlà kalẹ̀ láti sinmi, ọmọkùnrin mẹ́ta gùn ún kí wọ́n lè rí iwájú. Kúlà mi wo Dọ́bà. Èmi kò wò ó. Ìyá wa náà jókòó sórí àpótí rẹ̀, ẹ̀yìn èrò ló ń wò.

Nígbà tí a rí abẹ́ dongoyárò kan sá sí, ìrẹsì ti kan. Ìyá Ìbejì fúnra rẹ̀ ló rán mi lọ ra másà. Mo bi í pé ọwọ́ ta ló sè é, ṣùgbọ́n inú ikùn mi ni mo ti bi í, nítorí mo ṣì fẹ́ bá wọn padà sílé.

Ní 2024, UNESCO kọ Dọ́bà Kánò mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá tó jẹ́ ti gbogbo aráyé. N kò gbọ́ kí wọ́n mẹ́nu ba àwa tí a ń ru kúlà.

Mo rántí bàbá mi, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà Dọ́bà FESTAC ní 1977. Ó fi háńkáṣíìfù bò mí lórí, ó ra ẹ̀pà, ó gbé mi sí èjìká. Mo rí gbogbo ẹṣin. Ẹrù kan ṣoṣo tó gbé lọ́jọ́ náà ni èmi.

Nítorí náà, Ìyá Ìbejì, mo bẹ̀ ọ́. Bí Iléyá bá tún dé, omi, fìlà, owó ọkọ̀, kí a sì kọ nọ́ńbà fóònù sí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́, ó tó. Kí kúlà jókòó ṣọ́lé. Bí kò bá sì lè jókòó, kí ẹnì kan fi aṣọ aláràbarà bò mí kí n tó jáde, kí àwọn èrò ọ̀nà lè mọ ẹni tí wọ́n ń kí.