Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Nǹkan Olówó Pọ́ọ́kú

Ẹ̀yin ọkùnrin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Dádì nínú ilé, tí wọ́n sì ń pè ní Ọ̀gá níbi tí wọ́n bá ti fẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ fún mi láyè kí n rojọ́. Nǹkan ọ̀wọ́n kò lè pa mí. Tí wọ́n bá pe iye rẹ̀ fún mi, n óò rẹ́rìn-ín, n óò ní Ọlọ́run á ṣe é, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ní kò wọ́n ló ń jẹ mí run. Nígbà tí Ìyá Ìbejì bá ti rẹ ohùn sílẹ̀, tó ní, "Bàbá Ìbejì, kò ná wa ní nǹkan kan," mo ti mọ̀ pé oṣù yẹn kò ní parí lọ́wọ́ ara rẹ̀.

Ọlọọdún ni ọlidé ńlá ń dé láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, ọlọọdún ni ẹjọ́ mi sì ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rẹ́ ìyàwó mi kan á ti kó ọmọ rẹ̀ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, àwòrán á máa rọ́ wọlé sórí fóònù. Àwọn ọmọ mi á wá máa wò mí bíi pé èmi ni mo ti ẹnubodè Ìlú Ọba pa. Lẹ́yìn náà ni wọn á ṣèpàdé, wọn á ní àwọn kò ní kí n ta ilé, ìrìn àjò olówó pọ́ọ́kú làwọn fẹ́. Lọ́dún yìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n mú. Ọkọ̀ ojú irin ni a óò wọ̀ lọ, òun náà ni a óò wọ̀ bọ̀. Àpáta Olúmọ kò sì ní sá kúrò níbi tó wà.

Kí a tó kúrò nílé rárá, owó ti ṣáájú wa jáde. Wọ́n ní oòrùn ìrìn àjò máa ń ba awọ ara jẹ́. Oòrùn wo? Oṣù keje ni, òjò kò jẹ́ kí a rí aṣọ sá! Àkọ́bí mi obìnrin, tó wà ní yunifásítì, jókòó tì mí, ó fi sùúrù ṣàlàyé. Ojú ní ìpara tirẹ̀, ọrùn ní tirẹ̀, abẹ́ ẹyinjú ní tirẹ̀. Ti àárọ̀ kò gbọdọ̀ pàdé ti alẹ́. Èyí tí wọ́n fi ń fọ ojú yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi ń nu ohun tí èyí àkọ́kọ́ kò fọ̀ kúrò. Mo bi í pé kí ló dé tí ti àkọ́kọ́ kò fi fọ̀ ọ́ tán. Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Dádì!" Ìgò kan wà láàárín wọn tí kò ga ju àtàǹpàkò mi lọ. ₦18,000. Wọ́n ní kí n dúpẹ́, ẹ̀dínwó ni àwọn rí rà.

Iye owó yẹn kọ́ ló dùn mí jù. Mo yí ìgò náà padà, mo ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, mo bá òrí níbẹ̀. Òrí! Òrí tí ìyá mi fi pa mí lára dàgbà, tí wọ́n ń fi sí imú ọmọ tí ọ̀fìnkìn bá dí. Igi ẹmì tó ń so ó, òun fúnra rẹ̀ ló ń hù ní Ṣakí àti Kìṣí, títí dé Kwara àti Niger. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń ṣa èso rẹ̀, wọ́n ń sè é, wọ́n ń sá a, wọ́n ń lọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ọwọ́ pò ó títí òrí á fi yọ lójú omi. Àwa wá máa ń di èso yìí sínú àpò tẹ́lẹ̀, à ń tà á sókè òkun ní pọ́ọ́kú. Ó délé oyìnbó, ó wọ ìgò, ó gba orúkọ tuntun, ó sì padà wá bá mi ní ₦18,000. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó èso ẹmì tútù jáde fún oṣù mẹ́fà ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, pé kí a máa fún òrí wa nílé, n kò mọ ẹlòmíràn tó pàtẹ́wọ́ ní àdúgbò wa. Èmi pàtẹ́wọ́. Ìgò kò tíì gbọ́.

Ọṣẹ dúdú náà ti gòkè àgbà. Eérú àti àdín ni, a mọ̀ ọ́n. Ìyá àgbà máa ń bù ú fún ni nínú igbá ni, kò sì ní gba kọ́bọ̀. Wọ́n ti gé e sí wẹ́wẹ́ báyìí, wọ́n wé e ní bébà, wọ́n fi okùn tín-ín-rín dì í, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára pé kò ní kẹ́míkà. Èmi ni mo sanwó okùn.

Ẹ má pè mí ní ahun. Mo mọ èyí tó burú ju èyí lọ. Ìpara àpòpọ̀ wà lọ́jà, nínú ike tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, òun ló sì pọ́ọ́kú jù lọ. Hydroquinone àti mẹ́kúrì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń bó èèyàn lára. Mẹ́kúrì kò sì dúró sára awọ, ó lè wọlé lọ ba kíndìnrín jẹ́. Láti ọdún 1976 ni Fẹlá ti gbé *Yellow Fever* jáde tó fi bá àwọn tó ń bóra wí, ṣùgbọ́n etí kò jọ etí. Ẹ̀gbọ́n kan wà ní òpópónà wa tí ojú rẹ̀ ti gbà, tó ti pọ́n. Oríkèé ìka rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀, tó ní dúdú lòun wá sáyé, dúdú lòun ó bá lọ. Nítorí náà ni mo ṣe sanwó ìgò kékeré yẹn láìjanpata. Èmi tí mo sanwó, Fásélìn ni mò ń pa láti ojú dé àtẹ́lẹsẹ̀. Wọ́n tún ní ojú mi ń dán jù nínú fọ́tò.

Ó yá, ìrìn àjò. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin tó ń ná Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò ní ọdún 2021. Ojú ọ̀nà kìlómítà 157 ni, kò sí ihò níbẹ̀, kò sí sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ. Ẹjọ́ mi ni pé ọkọ̀ ojú irin kì í yà gbé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà. Ìkòròdú là ń gbé. Láti Ìkòròdú dé ibùdókọ̀ ojú irin Agége, mo ní láti háyà ọkọ̀, torí báàgì ìpara nìkan gba ìjókòó ẹnì kan. A wọ ọkọ̀ ojú irin, ó dùn, ó tutù, àwọn ìbejì ń ka igi. A sọ̀ sí Abẹ́òkúta, níbi ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ. Mo ní ọpẹ́ ni f'Ólúwa. Laderin nibẹ̀, létí ìlú ni! Ọlọ́kọ̀ mìíràn ló tún kó wa wọ ìgboro, ó sì ti rí i lójú mi pé àlejò ni mí. Ẹ ro ó wò: àárín ìrìn àjò ló pọ́ọ́kú, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ ló wọ́n.

Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ ṣáájú wọn, sá ogun wá sábẹ́ Olúmọ, wọ́n sì rí ààbò. Èmi náà wá ibi tí mo lè sá pamọ́ sí lábẹ́ àpáta yẹn fún ìnáwó, n kò rí. A san owó ìwọlé. A fún ẹni tó mú wa yíká ní nǹkan. Ẹlẹ́rọ ayàwòrán kan ti ya wá tán kó tó bèèrè bóyá a fẹ́. Òkè náà fi mítà 137 ga ju ojú òkun lọ, èmi ni mo sì gbé báàgì. Àwọn tó tẹ ìlú dó gun Olúmọ kí ọ̀tá má baà rí wọn. Àwọn ọmọ mi gùn ún kí gbogbo ayé lè rí wọn. Wọ́n to ara wọn, wọ́n na ọrùn, wọ́n ní kí n yà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i nítorí ìpéǹpéjú ẹnì kan kò jókòó dáadáa. Ibẹ̀ ni òjò bá wa. Àtíkè lọ, tìróò tẹ̀ lé e, ìpara àárọ̀ àti ti alẹ́ pàdé lágbọ̀n. Gbogbo ₦18,000 mi gba ẹ̀gbẹ́ àpáta sọ̀ kalẹ̀, ó forí lé odò Ògùn.

Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Ìbejì ní kí a kàn yà ní Ìtòkú kí àwọn kàn wo àdìrẹ. Ẹ má gbàgbé ọ̀rọ̀ "kàn" yẹn. Ìyá aláṣọ kò tilẹ̀ bá ìyàwó mi dúnàádúrà. Ojú mi ló ń wò. "Àlàájì," bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe Àlàájì, "ẹ wò ó bó ṣe bá wọn lára mu. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n lọ lásán." Kí ni èèyàn máa sọ láàárín ọjà? Wọ́n ra ti ìyàwó mi. Wọ́n ra ti ìyá rẹ̀. Wọ́n ra ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tí àwòrán rẹ̀ dá gbogbo wàhálà yìí sílẹ̀! Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nígbà tí a fi kúrò ní Ìtòkú, ẹlẹ́dẹ̀ ti wọlé tán, ó ti tẹ́ ẹní.

Ilé ìtura tí a dé sí, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Olówó pọ́ọ́kú ni. Wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ ní alẹ́ fún ìwọ̀nba wákàtí, lẹ́yìn ìyẹn, kí oníkálùkù máa bá ẹ̀fọn rẹ̀ ṣọ̀rẹ́. Inú òkùnkùn yẹn ni ìyàwó mi ti tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, tó ní ẹ jẹ́ ká ṣeré, eré kì í ná ni lówó.

Ọpọ́n ayò mi ni mo kọ́kọ́ gbé jáde. Ilé 12, ọmọ 48, mẹ́rin nílé kọ̀ọ̀kan. Kò sí oríire níbẹ̀, ìṣirò ni, ọ̀ta sì ni mí ní àdúgbò wa. Táyé wò ó, ó ní, "Dádì, ó ń pẹ́ jù." Kẹ́hìndé ní ta ló fẹ́ máa ka ọmọ ayò nínú òkùnkùn. Bí wọ́n ṣe yọ mí nípò ọ̀ta nìyẹn, láìta ayò kankan.

Wọ́n kó Lúdò jáde. Mo ju dáìsì títí, mẹ́fà kọ̀, ọmọ mi kò jáde. Nígbà tí ọ̀kan sì jáde, tó rìn yíká ayé, tó ku díẹ̀ kó wọlé, Táyé pa á lẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ tí mo sanwó ilé ìwé rẹ̀! Ó tún jó sí i.

Wọ́n kó Whot jáde. Láti ọdún 1935 ni wọ́n ti ṣe káàdì yìí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n n kò rò pé àwọn tó ṣe é mọ bí ilé mi yóò ṣe máa ta á. Táyé ń ta kó tó kàn mí, Kẹ́hìndé ń ta lẹ́yìn mi. Táyé á fi 2 lélẹ̀, mo mú méjì. Á fi 5 lélẹ̀, mo mú mẹ́ta. Nígbà tí èmi náà rí 2 fi lé Kẹ́hìndé lórí, ìyá rẹ̀ ní òfin ilé wa ni pé ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́wàá kì í mú káàdì lálẹ́. Òfin wo? Ta ló bu ọwọ́ lù ú? Àkọ́bí mi fi 14 lélẹ̀, ó kígbe "general market!" pé kí gbogbo wa lọ sọ́jà. Ọjà wo ló tún kù? Ṣebí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìtòkú dé ni!

Wọ́n ti fi í ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá gbẹ̀yìn ni yóò ra áísìkiriìmù fún gbogbo ilé. Mo gbẹ̀yìn, mo rà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo fojú sí i, mo borí gbogbo wọn, Kẹ́hìndé ló gbẹ̀yìn. Ó bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ kò sọ nǹkan kan, ó kàn wò mí. Mo rà á. Nínú eré ìdílé, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí yóò borí. Gbogbo wa la mọ ẹni tí yóò sanwó.

A padà délé, mo gbé ìwé àti bírò, mo ṣírò owó ìgò, owó ọkọ̀, owó òkè, owó aṣọ, owó áísìkiriìmù. Ìyá Ìbejì yọjú wo ìwé náà láti ẹ̀yìn mi, ó sì ní, "Ẹ ò rí i bí a ṣe ṣọ́wó ná? Ṣé ẹ mọ iye tó ń náni dé Lọ́ńdọ̀nù?"

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín o, ẹ̀yin ìyá ọmọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Tí ọlidé mìíràn bá dé, ẹ má wá ibi tó pọ́ọ́kú fún wa mọ́. Ibi tó wọ́n gan-an ni kí ẹ dárúkọ. A óò sọ fún yín pé kò sówó, òótọ́ ni a óò sì sọ, gbogbo wa á wá jókòó sílé sinmi.