Ẹjọ́ Ọlọ́kọ̀-Méjì

Ọ̀ràn ńlá tí ó délẹ̀ ní àdúgbò wa, tí ó mú kí àwọn ọkùnrin tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tá ara wọn, kì í ṣe ọ̀ràn owó epo bẹntiróòlù tí ó ti fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti mú ọwọ́ ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, kì í ṣe ọ̀ràn iná mànàmáná, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti owó ilé tí onílé ń fi lé ènìyàn kiri. Ọ̀ràn pé nínú ọkọ̀ asáré méjì tí ó wà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, èwo ni kí ó tà, èwo ni kí ó mú dání kí ó sì máa kó owó lé lórí ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nígbà tí wọ́n sì gbé ẹjọ́ náà dé ọ̀dọ̀ mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo tẹ́ ẹní, mo bu omi tútù fún tọ̀tún-tòsì, mo ní kí wọ́n rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùpẹ̀jọ́, tí èmi yóò máa pè ní Ọlọ́kọ̀-Méjì nítorí pé kò yẹ kí a fi orúkọ ọmọlúwàbí ṣeré nínú ìwé ìròyìn, jẹ́ òṣìṣẹ́ olówó-oṣù ní Èkó, àgbàlá ilé tí ó háyà kò sì gbà ju ọkọ̀ kan lọ, tí èkejì fi ń sùn ní ojú títì lábẹ́ tapólì, tí ó sì ń san owó lóṣooṣù fún ọlọ́dẹ tí ń ṣọ́ ọ. Tòkúnbọ̀ ni àwọn méjèèjì, láti Amẹ́ríkà ni wọ́n sì ti wá, tí ó jẹ́ pé ọwọ́ òsì ni ìdarí ọkọ̀ wọn wà, bí ó ti tọ́ ní ilẹ̀ tí ó ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún wa ọkọ̀ láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972. Ọ̀kan jẹ́ Nissan 350Z, ìkejì jẹ́ Mazda RX-8. Mo bi í pé èwo nínú méjèèjì ni ó ń gbé lọ sí ibi iṣẹ́. Ojú tì í fún mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, dáńfó ni mo ń wọ̀. Ta ni yóò gbé irú ọkọ̀ báyìí sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ?”

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí Nissan. Z, ọmọ ará Yokohama, abìdí-gẹ̀rẹ̀jẹ̀ tí í fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ara rẹ̀ síwájú, oníjòókòó-méjì tí í lé àna mọ́ ẹ̀yìn odi, abú-ramúramù tí í jí ọmọ ọwọ́ lójú oorun! Ọdún 1969 ni irú Z àkọ́kọ́ jáde ní Japan, orúkọ ìdílé tí ó sì jẹ ni Fairlady, nítorí pé ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà ti lọ wo eré orí ìtàgé kan ní Amẹ́ríkà tí eré náà sì wọ̀ ọ́ lára. Ṣùgbọ́n Yutaka Katayama, ẹni tí ó ń bá wọn ta ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, wò ó pé irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò lè fa owó lápò ọkùnrin tí ó fẹ́ kí ọ̀nà máa bẹ̀rù òun, ó ní kí wọ́n yọ ọ́ dànù kí wọ́n sì fi 240Z dípò rẹ̀. Nígbà tí gbèsè fẹ́ gbé Nissan mì ní 1999, Carlos Ghosn láti ọ̀dọ̀ Renault ni ó wá tún ilé náà tò, lábẹ́ rẹ̀ sì ni Z tí wọ́n ti sin jí dìde, tí 350Z fi jáde ní 2002. Ghosn yìí kan náà ni ó sá kúrò ní Japan ní ìparí ọdún 2019 nígbà tí ẹjọ́ rẹ̀ ṣì ń bẹ ní ilé ẹjọ́, tí wọ́n ní inú àpótí ohun èlò orin ni ó kó sí wọ ọkọ̀ òfurufú. Nítorí náà, nínú ọ̀rọ̀ eré sísá, mo gbà pé ọkùnrin náà mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ́ńjìnnì Z yìí jẹ́ lítà 3.5, sìlíńdà mẹ́fà ni ó ní, agbára ẹṣin 287 ni wọ́n sì kà sí i lára nígbà tí ó dé Amẹ́ríkà. Ẹṣin 287! Kì í ṣe gbogbo balógun ni ó kó ẹṣin tó bẹ́ẹ̀ lọ sójú ogun, ọmọkùnrin tí onílé ń wá kiri sì kó wọn jọ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ kan, ó fi tapólì bò wọ́n.

Ibi Mazda ni ẹjọ́ gbé dùn. Mazda, ọmọ Hiroshima, onílẹ̀kùn mẹ́rin tí méjì kọ ẹ̀yìn sí méjì, ajẹ-ọ́ìlì-bí-ẹni-jẹ-oúnjẹ-òwúrọ̀, awo-nínú-ọkọ̀ tí ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ tú! Gbogbo ẹ́ńjìnnì tí a mọ̀ láti ìgbà tí òyìnbó ti gbé ọkọ̀ dé etíkun wa ni písítìnì wà nínú rẹ̀, tí í lọ sókè tí í bọ̀ wá sísàlẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Ti Mazda yìí kò ní písítìnì rárá. Irin onígun mẹ́ta méjì ni ó ń yí po nínú ilé irin tí a há ní ìbàdí, igun kọ̀ọ̀kan sì ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń ra ara ilé náà lọ láìsinmi, kí epo àti iná má baà jò láti yàrá kan sí èkejì. Felix Wankel, ará Jámánì, ni ó ronú kàn án. Ojú rẹ̀ kò sì ríran jìnnà, kò gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ títí ó fi kú. Kí olóye fi èyí sọ́kàn: ẹni tí ó dá a sílẹ̀ kò wà á.

Nígbà tí Kenichi Yamamoto àti àwọn ẹnjiníà rẹ̀ gbé ẹ́ńjìnnì náà dé Hiroshima, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ń ha ara ilé irin náà lápá-lápá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pe ojú àpá rẹ̀ ní èékánná àǹjọ̀nú. Wọ́n kò sinmi títí ọkọ̀ wọn, Cosmo Sport, fi jáde ní 1967, ní 1991 sì ni ọkọ̀ Mazda 787B gba ipò kìíní níbi ìje wákàtí 24 ti Le Mans ní ilẹ̀ Faransé, ohun tí ilé iṣẹ́ Japan kankan kò tíì ṣe rí títí di ìgbà náà. Iṣẹ́ akin ni, a kì í sì í fi ojú di akin. Ṣùgbọ́n ní Le Mans, ogunlọ́gọ̀ àwọn tí ó mọ inú ọkọ̀ náà bí ẹni mọ ojú ọ̀nà oko ni ó dúró tì í láti àárọ̀ di àárọ̀, kì í ṣe ọmọ-iṣẹ́ kan tí ọ̀gá rẹ̀ lọ sí òde ìsìnkú.

RX-8 tí ó wà lọ́wọ́ wa yìí, lítà 1.3 péré ni ìwé rẹ̀ ń wí, èyí tí ó ń mú kí ẹni tí kò mọ̀ rò pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò Starlet ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń mu epo ju Z onílítà 3.5 lọ. Bí a ti dá a ni pé kí ó máa tu ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ sínú iná kí àwọn igun irin rẹ̀ má baà gbẹ, tí ó jẹ́ pé ẹni tí kò bá ń yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò nígbàkúùgbà ń gbẹ́ kòtò sílẹ̀ de ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Èyí tí ó burú jù ni pé bí o bá tan án nínú òtútù, tí o sún un díẹ̀ kí aládùúgbò lè kọjá, tí o sì pa á lójú ẹsẹ̀, epo a rin púlọ́ọ̀gì rẹ̀, kò ní jí mọ́ títí a ó fi tú púlọ́ọ̀gì wọ̀nyẹn síta. Ẹ wo irú ìkà bẹ́ẹ̀ ní Èkó, níbi tí ó jẹ́ pé gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀ ni kí a sún un díẹ̀ kí aládùúgbò lè kọjá. Àwọn tí ó ṣe é pàápàá kò mọ iye ẹṣin tí ó wà nínú rẹ̀ dájú: 247 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde fún àwọn ará Amẹ́ríkà, kò pẹ́ tí wọ́n fi padà wí pé 238 ni, wọ́n sì gbà láti ra ọkọ̀ náà padà lọ́wọ́ ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn. Ẹṣin mẹ́sàn-án já, a kò sì mọ oko tí wọ́n gbà lọ.

Ọlọ́kọ̀-Méjì gbé e lọ sí Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ọkọ̀, nígbà tí ó kọ̀ tí kò jí. Mẹ́káníìkì náà, ẹni tí ó ti tú ọkọ̀ láti ìgbà tí ó ti wà ní ọmọdé, yọ èyí, ó yọ tọ̀hún, ó kó wọn jọ sórí páálí, ó wo inú ẹ́ńjìnnì náà pẹ́, ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìdí ṣòkòtò, ó sì fi ohùn ìbánikẹ́dùn wí pé, “Ọ̀gá, ẹ mọ́kàn le. Ẹni tí ó tà á fún yín ti yọ gbogbo písítìnì rẹ̀ tà.”

Bí ó bá ṣe pé kí ó mú ọ̀kan kí ó sì máa wà á ni, ẹjọ́ ìbá ti tán níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ní òun fẹ́ tún un ṣe, ó sì yọ ìwé kan jáde tí ó kọ ohun tí ó fẹ́ sí: túbò, páìpù èéfín tí ń yìnbọn, sípíríǹgì kúkúrú, rímù 19, ìyẹ́ gàgàrà lẹ́yìn búùtù, àti ọ̀dà tí í ṣe aró ní òwúrọ̀ tí í ṣe elésè-àlùkò ní ìrọ̀lẹ́. Mo kà á tán, mo rí i pé kò sí táyà níbẹ̀, kò sí bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ páìpù ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Sàlẹ́ńsà jẹ́ ohun tí a fara balẹ̀ ṣe kí ẹ́ńjìnnì lè pa ẹnu mọ́, kí ọmọ ènìyàn ó wá san owó ńlá kí wọ́n gé e kúrò, fún agbára tí kò tó èyí tí ẹnikẹ́ni lè fi ara mọ̀, kí ó sì máa yin ìbọn kiri ní àdúgbò tí ènìyàn ti mọ ìró ìbọn, tí bàbá tí ó ń ka ìwé ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ti dojú bolẹ̀, tí alákàrà sì ti fi agbada sílẹ̀ sá lọ! Ti sípíríǹgì ńkọ́? Bí Z náà ti wà yìí, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 ni ó wà láàárín ikùn rẹ̀ àti ilẹ̀. Mo sì ti fi ojú ara mi rí i ní ẹnu géètì, níbi tí ọ̀rẹ́ tí ó jókòó tì í ti bọ́ sílẹ̀ kí ó lè fúyẹ́, tí ọkọ̀ náà dábùú, tí ó fi táyà kan gun òkè ìdínà-eré, tí irin sì pariwo lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí a ń fá lórí pẹ̀lú abẹ tí kò mú. Àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò gbà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kòtò ọ̀nà Èkó kò ní òun kò ní mú Z, ẹni tí ó sì ni ín ń wá owó tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí i.

Ti ìyẹ́, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ń di ìlọ́po mẹ́rin bí eré bá di ìlọ́po méjì, èyí tí ó fi hàn pé nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Òjòta, kò sí iṣẹ́ mìíràn fún un ju kí a sá aṣọ ọmọ sí i. Túbò ní tirẹ̀ kì í dá wá sílé ènìyàn: yóò bèèrè ráídíétọ̀, yóò bèèrè kọ̀lọ́ọ̀ṣì, yóò bèèrè epo tí ó dára ju èyí tí a ń rà, inú ẹ́ńjìnnì tí a kò kọ́ fún un ni yóò sì gbà jáde bí a kò bá fún un.

Níbo ni a sì fẹ́ sá eré náà sí? Ọkọ̀ méjèèjì lè sá ju kìlómítà 230 lọ ní wákàtí kan, òfin àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, èyí tí a dá sílẹ̀ ní 1988 tí Wọlé Ṣóyinká sì jẹ́ alága rẹ̀ àkọ́kọ́, kò sì gba ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láyè ju 100 lọ ní ọ̀nà márosẹ̀. Afárá Third Mainland gùn ní kìlómítà 11.8, bí a bá yọ òfin àti ènìyàn kúrò lórí rẹ̀, Z yóò gbà á kọjá ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti ń rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, kí ó bi àwọn tí ń ta gálà níbẹ̀. Ẹni tí ó gẹṣin, ilẹ̀ ni ó ń bọ̀, ẹni tí ó sì gun ẹṣin 287 kò yàtọ̀.

Ìdájọ́ mi nìyí. Kí ó mú Z dání, kì í ṣe nítorí eré rẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé irú ẹ́ńjìnnì kan náà ni ó wà nínú Murano, nínú Maxima, nínú Infiniti FX35, àwọn ọkọ̀ tí ó kún ìgboro, tí ẹ̀yà wọn wà ní Ládípọ̀, tí mẹ́káníìkì tí ó ní písítìnì lọ́kàn sì lè tú láìsunkún. Ìka tí ó tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú: ẹni tí ó fẹ́ yan ọkọ̀, kí ó kọ́kọ́ yan mẹ́káníìkì, kí ó sì ra èyí tí mẹ́káníìkì náà mọ̀. Àtúnṣe tí yóò ṣe ni kí ó ka nọ́ńbà mẹ́rin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀, méjì ìṣáájú tí í sọ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn tí í sọ ọdún. A kà á lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú iná fóònù, a sì rí i pé táyà kan nínú wọn ti dàgbà tó ọmọ tí ó ń lọ sí ilé ìwé gíga. Kí ó pààrọ̀ wọn. Kí ó pààrọ̀ bíréèkì àti omi bíréèkì, kí ó tún ráídíétọ̀ ṣe, kí ó sì fi èyí tí ó bá ṣẹ́kù san owó ilé.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fárígá. Wọ́n ní irú àtúnṣe wo ni a ṣe tí ojú kò rí i, tí etí kò gbọ́ ọ? Nígbà tí ó fẹ́ di ìjà, mo yọ̀ǹda pé kí wọ́n kun bíréèkì náà ní pupa, gbogbo wọn sì dúpẹ́.

Mazda wà fún títà. Kí ẹni tí yóò wá wò ó jọ̀wọ́ mú ọ́ìlì dání, kí ó má ṣe tan án kí ó sì pa á kí ó tó gbóná, kí ó má sì bi wá pé níbo ni písítìnì wà.