Ọ̀gá Pálọ̀

Bí ẹ bá kan ilẹ̀kùn Ọ̀gá Pálọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kò ní ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ẹ óò gbọ́ sílípáàsì rẹ̀ tí ń sáré pá-pá-pá lọ sí apá kan ilé, ẹ óò gbọ́ ṣíwíìṣì tí yóò dún “ká”, kí ó tó wá fi ẹ̀rín ṣílẹ̀kùn fún yín. Iná ló lọ tàn. Kì í ṣe iná ilé o. Iná búlúù tín-ín-rín tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn sítáǹdì tẹlifíṣọ̀n ni. Èèwọ̀ ni kí àlejò kọ́kọ́ bá sítáǹdì yẹn nínú òkùnkùn.

“Ẹ káàbọ̀, ẹ jókòó. Rárá, kì í ṣe ibẹ̀ yẹn, ẹ sún sí ọ̀kánkán.”

Ọ̀kánkán yìí ni àga tí ó dojú kọ sítáǹdì gan-an. Ẹ óò jókòó, òun náà yóò jókòó, yóò sì dákẹ́. Ó ń retí. Bí ẹ bá lọ ṣèèṣì bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè àlàáfíà ìyá rẹ̀ tí ara rẹ̀ kò yá, yóò dá yín lóhùn ní ṣókí, yóò tún dákẹ́. Ìgbà tí ẹ bá sọ pé, “Háà, ẹ mà ti ṣe pálọ̀ yín o!” ni omi tútù tó máa jáde láti inú fíríìjì.

Irú Ọ̀gá Pálọ̀ pọ̀ nílùú Ìbàdàn, láti Àkóbọ̀ títí dé Apáta. Tíṣà wà nínú wọn, lọ́yà wà, ẹni tí ń ta sìmẹ́ǹtì wà. Kì í ṣe owó ló ń sọ ènìyàn di Ọ̀gá Pálọ̀. Mo mọ olówó tí ó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ lé orí àpótí tí wọ́n fi gbé e wá láti ọjà, tí ara sì tù ú. Ẹ wo yàrá tí Ọ̀gá Pálọ̀ ń sùn kí ẹ tó lè dá a mọ̀ dájú. Kò sí kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀. Inú báàgì Ghana-Must-Go ni aṣọ òun àti ìyàwó rẹ̀ wà. Sítáǹdì pálọ̀ ní dúrọ́ọ̀ mẹ́jọ, gbogbo wọn ló sì ṣófo, nítorí pé bí wọ́n bá kó nǹkan sí i, ó lè má pàdé dáadáa mọ́.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n dé Ìbàdàn yìí, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959, tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n WNTV sílẹ̀, kò sí wàhálà sítáǹdì. Inú àpótí igi ni tẹlifíṣọ̀n ìgbà náà sábà máa ń wà, púpọ̀ nínú wọn gbé ẹsẹ̀ mẹ́rin tiwọn wá láti ilé ẹ̀rọ, àwọn mìíràn tilẹ̀ ní ilẹ̀kùn. Ìgbà tí ó yá ni wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì yọ gọngọ bí iké. Ìgbà yẹn ni rúùmù-dìfáídà jọba: àwo tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ fi jẹun, òdòdó rọ́bà, fọ́tò ọjọ́ ìgboyè, tẹlifíṣọ̀n sì wà láàárín. Géńdé méjì ló ń gbé e. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́, sítáǹdì níṣẹ́ gidi lọ́wọ́ nígbà náà. Tòní wá dé, ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi abíyá gbé tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń rù tó, bẹ́ẹ̀ ni sítáǹdì ń sanra.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ọ̀gá Pálọ̀ fi yan tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí ó ń wá òun, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni. Àárín òru ni ó máa ń yẹ fóònù rẹ̀ wò, ìyàwó a rò pé obìnrin ni, a yọjú wò ó láti ẹ̀yìn, a bá sítáǹdì. Níkẹyìn, ó rí èyí tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, ó kó owó àjọ tí wọ́n ti pinnu pé ìnfátà ni wọn yóò fi rà, ó sì ránṣẹ́ pe káfíńtà kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ọjà pákó Bódìjà.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Káfíńtà gba fóònù, ó gbé e jìnnà sójú, ó tún fà á súnmọ́.

“Ọ̀gá, kí ni iná tó ń jó nísàlẹ̀ tẹlifíṣọ̀n yìí?”

“Ibi ìdáná ni.”

“Ẹ fẹ́ máa se ọbẹ̀ ní pálọ̀?”

“Wọ́n fi ń yáná ni. Ní ìlú òyìnbó.”

Káfíńtà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn iwájú orí rẹ̀. Oṣù Ẹrẹ́nà la wà, iná sì ti lọ láti àná.

Wọ́n fi ibi ìdáná sílẹ̀, kì í ṣe pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Ó wá kan ti pákó. Káfíńtà ní kí òun fi ìrókò gidi ṣe é, ẹsẹ̀ mẹ́rin, dúrọ́ọ̀ méjì, kí àwọn ọmọ-ọmọ lè jogún rẹ̀. Ọ̀gá Pálọ̀ wò ó bí ẹni pé ó ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi ìgbéyàwó. MDF ló fẹ́, funfun, kí ó máa dán bíi dígí. Kì í ṣe pé MDF burú. Wọ́n lọ igi kúnná, wọ́n pò ó mọ́ gúlúù, wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kì í wọ́, ọ̀dà sì máa ń jókòó lé e dáadáa. Omi nìkan ni èèwọ̀ rẹ̀. Bí omi bá rí ojú ibi tí wọ́n ti gé e, á wú bí búrẹ́dì tí wọ́n kì bọ tíì. Káfíńtà sọ gbogbo èyí. Ọ̀gá Pálọ̀ ní kò sí omi ní pálọ̀ òun. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ń fi mọ́ọ̀pù nu ilẹ̀ ń gbọ́ wọn.

“Ó dáa. Ínṣì mélòó ni tẹlifíṣọ̀n yín?”

“55.”

Káfíńtà ṣàlàyé pé láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ kejì ni wọ́n ti ń ka 55 náà. Fífẹ̀ rẹ̀ kò ju bí ínṣì 48 lọ, nítorí náà sítáǹdì onínṣì 60 ti tó, kó sì ku àyè díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ó ní kí sítáǹdì má ga jù, nítorí ojú ẹni tí ó jókòó sórí àga kì í sábà ju bí ínṣì 40 lọ láti ilẹ̀, ibẹ̀ náà sì ló yẹ kí àárín tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni. Mo rí i tí ó ń gba etí ọ̀tún Ọ̀gá Pálọ̀ wọlé tí ó ń gba tòsì jáde.

Sítáǹdì gùn ní fíìtì 10. Inú pálọ̀ ni wọ́n ti kàn án, nítorí kò lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo wa ń gbé ọrùn sókè bí adìẹ tí ó ń mumi bí a bá ń wo ìròyìn. Ọ̀gá ní kí wọ́n má lu ihò wáyà kankan sí i, ihò ń ba ẹwà jẹ́; dékódà wá wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù títì, ó ń gbóná bí ẹni tí ibà mú, ẹni tí ó bá fẹ́ yí ìkànnì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dìde lọ ṣílẹ̀kùn fún rìmóòtù. Tẹlifíṣọ̀n 55 tí a wí yẹn? Ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà. Onínṣì 32 àtijọ́ ló wà níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ọdún kan àbọ̀ rèé, láàárín gbungbun fíìtì mẹ́wàá, bí ọmọ jéléósinmi tí wọ́n gbé jókòó sórí àga ọba.

Kò dájú pé ẹnikẹ́ni ń wò ó mọ́. Fóònù ìyá wọn ni àwọn ọmọ fi ń wo kátúùnù nínú yàrá, kí wọ́n má baà fi ọwọ́ ọlọ́ràá kan funfun. Bí bọ́ọ̀lù bá wà, Ọ̀gá Pálọ̀ a lọ sí ilé ìwòran tó wà níkòríta, a jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn ọlọ́kadà, nítorí owó dékódà ti tán láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mi ò ní purọ́: tẹlifíṣọ̀n tèmi wà lórí tábìlì ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá mi, mo sì yọ́ ya fọ́tò sítáǹdì yẹn lọ́jọ́ tí wọ́n kùn ún tán.

Ohun kan ṣoṣo tí Ọ̀gá Pálọ̀ kò rò ni pé ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, Àlàájì lánlọ́ọ̀dù wá nítorí páìpù tí ń jò. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ṣíwíìṣì dún, wọ́n mú Àlàájì jókòó sí ọ̀kánkán. Bàbá wo iná búlúù, ó wo fíìtì mẹ́wàá, ó ka dúrọ́ọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mu omi tútù tán.

“Ẹ mà ti ṣe pálọ̀ yín o,” ló wí. “Àṣé Ọlọ́run ti ń ṣe é.”

Lẹ́tà owó ilé tuntun dé ní ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀gá Pálọ̀ fẹ́ kó kúrò, ṣùgbọ́n káfíńtà ní àfi kí òun fi ayùn gé sítáǹdì náà sí mẹ́rin kó tó lè jáde, Ọ̀gá Pálọ̀ sì ní kàkà bẹ́ẹ̀ òun yóò máa san án.

Ní Àìkú tó kọjá, mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo gbọ́ sílípáàsì, pá-pá-pá, mo gbọ́ ṣíwíìṣì. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, òkùnkùn biribiri ni mo bá ní pálọ̀.

“Àṣé ìwọ ni,” ló wí, ó mí kanlẹ̀. “Mo rò pé Àlàájì ni.” Ó sì sáré padà lọ tan iná.