Rọ́bọ́ọ̀tì Ń Dá Ṣiṣẹ́, Èmi Ni Ó Ń Rẹ̀

Ìwé òfin ìdíje rọ́bọ́ọ̀tì tí ọmọ mi ń bá wọn ṣe là á mọ́lẹ̀ kedere: fún ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́ nínú eré, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan rọ́bọ́ọ̀tì, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ rìmóòtù. Òun ni yóò wo ibi tí gòólù wà, òun ni yóò kọjú sí i, òun náà ni yóò ju bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀. Adáṣe ni wọ́n ń pè é. Mo bi ọmọ mi obìnrin léèrè pé, "Adáṣe tí wọ́n wí yìí, ṣé òun náà ni yóò dá ra bátìrì ara rẹ̀?" Ó ní, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ mọ iye tí "ẹ jọ̀ọ́" yẹn ń náni.

Káfíńtà ni mí ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ìlú pákó la wà, ẹ̀rọ kì í ṣe tuntun sí wa. Ariwo ẹ̀rọ ìlagi ló ń jí wa láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìlagi kì í sọ pé òun ń dá ṣe é. Ẹni tó kó èyí bá wa ni Dean Kamen, ará Amẹ́ríkà tó ṣe kẹ̀kẹ́ Segway. Ní 1989 ló dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní FIRST sílẹ̀, nígbà tó sì di 1992, wọ́n ti ń fi rọ́bọ́ọ̀tì àwọn ọmọ ilé-ìwé figagbága. Ó dùn mọ́ wọn lọ́hùn-ún, a ò bá wọn jà. Àfi ìgbà tó di 2017 tí wọ́n pe gbogbo ayé wá figagbága ní Washington, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà náà sì lọ. Láti ìgbà náà, kò sí bàbá tó lè sọ fún ọmọ rẹ̀ mọ́ pé nǹkan òyìnbó ni.

Eré ti sáà 2025 sí 2026, DECODE lorúkọ rẹ̀. Òfin tó kọ́kọ́ bí mi nínú ni ti ìwọ̀n. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, rọ́bọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wọ inú àpótí tó jẹ́ íńṣì 18 ní gígùn, ní fífẹ̀ àti ní gíga. Ọmọ mi àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí n kan àpótí ìwọ̀n náà. Mo kàn án, ó gún régé. Rọ́bọ́ọ̀tì wọlé, ó wá ku waya kan tó yọ ṣóńṣó síta, kò ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Ọmọ mi ní rẹfirí kò ní gbà. Mo ní kí n fi íńṣì kan kún àpótí ńkọ́, ta ni yóò mọ̀? Ojú tó fi wò mí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí ọmọ yín fi wò yín.

Pápá eré náà ló wá fẹ́ lé mi kúrò nílé. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ní gígùn, 12 ní fífẹ̀. Mátì 36 ni wọ́n ń tẹ́ sí i lọ́dọ̀ àwọn tó lówó, páálí làwa tẹ́. Pálọ̀ mi kò tó bẹ́ẹ̀. A kó àga síta, tẹlifíṣọ̀n wọ yàrá, síbẹ̀ igun gòólù kan bọ́ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ẹni tó bá fẹ́ bu ọbẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró kí adáṣe parí tirẹ̀. Màmá wọn ní títí di ọjọ́ ìdíje ni òun fún un, pé tó bá ti kọjá ọjọ́ náà, òun yóò fi bọ́ọ̀lù wọn se ẹ̀fọ́.

Bọ́ọ̀lù 36 ló wà fún eré náà, 24 aláwọ̀ àlùkò, 12 aláwọ̀ ewé. Rọ́bọ́ọ̀tì kò gbọdọ̀ kó ju mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà; tó bá kó mẹ́rin, ìjìyà dé. Ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Mákún-Omi, lágbègbè Ogun Waterside, níbi tí ọ̀sà ti jẹ́ ojúde wọn. Wọ́n jókòó, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ẹni tó da àwọ̀n sómi tó kó ẹja mẹ́rin, ta ni yóò ní kó da ọ̀kan padà?" Inú mi dùn, mo rí alátìlẹ́yìn. Bọ́ọ̀lù kan wá yí dé ẹsẹ̀ wọn, wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n mú un, ni ọmọ mi bá figbe ta: "Màmá, ẹ má fọwọ́ kàn án, ó ṣì ń dá ṣiṣẹ́!" Gbogbo ilé dúró lórí ẹsẹ̀ kan nítorí ohun tí kò lẹ́sẹ̀.

Ti bátìrì ló dùn mí jù. Bátìrì volt 12, ẹyọ kan ṣoṣo. Táyà kékeré kan ń yí kíákíá nínú rọ́bọ́ọ̀tì, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù sókè. Tí bátìrì bá kún, táyà á sáré jù, bọ́ọ̀lù á fò kọjá gòólù. Fọ́tò ìgbéyàwó wa ló kọ́kọ́ gbà á. Tí wọ́n bá ti lò ó díẹ̀, bọ́ọ̀lù kan náà, ojú ibi kan náà, kò ní débẹ̀ mọ́. Mo ní ẹ̀rọ ti ya wèrè. Ọmọ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ kan tó ń ti Àgọ́-Ìwòyè wá bá wọn ṣe ti kọ̀ǹpútà (físíìsì ló ń kọ́, àwọn ẹnjiníà wọn wà ní Ìbógun lọ́hùn-ún, ọ̀nà Ìfọ̀, a ò lè dúró dè wọ́n) ló là mí lóye. Ó ní kì í ṣe iná tí wọ́n fún táyà ni kí rọ́bọ́ọ̀tì máa kà, iye ìgbà tó ń yí ni. Tó bá rí i pé táyà ti ń falẹ̀, kó fi iná kún un, kó má sì tíì ju bọ́ọ̀lù. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n iná wo? Àwọn oníná ti mú tiwọn lọ láti àná. Láti 2023 tí sọ́bsídì epo ti lọ, ẹ̀yin náà mọ ohun tí epo jẹnẹrétọ̀ ń ṣe fún àpò ẹni. Rọ́bọ́ọ̀tì ní ohun tó ń sọ fún un pé agbára rẹ̀ ti ń tán. Ta ló ń ka tèmi?

Wọ́n tún ní òfin ìwà. Woodie Flowers, ọ̀jọ̀gbọ́n MIT, ló fi kọ́ wọn pé kí ènìyàn díje tagbáratagbára, kó sì máa ran alátakò rẹ̀ lọ́wọ́. Ni ẹgbẹ́ kan bá ti Àgọ́-Ìwòyè gba Orù wá sílé mi, wọ́n yá ṣájà, wọ́n yá sípánà mi, wọ́n tún jẹun. Ìjẹ̀bú ni mí o! Mo fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀, ọmọ mi bá ṣàlàyé pé ẹgbẹ́ méjì-méjì ni wọ́n ń dà pọ̀, pé wọn kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ yan ẹnìkejì níbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ẹ bá ta kò láàárọ̀ lè di alájọṣe yín lọ́sàn-án. Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn yé mi. Òwò nìyẹn.

Èyí tí kò yé mi títí di báyìí ni ibi tí wọ́n fi bàbá sí. Lọ́jọ́ ìdíje, awakọ̀ méjì, ẹnìkan tó ń gbà wọ́n nímọ̀ràn, ẹnìkan tó ń kó bọ́ọ̀lù, àwọn nìkan ló lè dúró létí pápá. Èmi tí mo kan àpótí, tí mo ra epo, àárín èrò ìwòran ni tèmi. Ní pápá bọ́ọ̀lù Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró létí ìlà ni kóòṣì, kódà ẹni tó kàn ń kọjá lọ ra ẹ̀kọ.

Màmá wọn ti ní òun kò lè dúró de ọjọ́ ìdíje mọ́. Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé ní Orù tàbí Àgọ́-Ìwòyè: ẹni tí pálọ̀ rẹ̀ bá tó ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tí òpó ò sí láàárín rẹ̀, kó jọ̀wọ́ yá wa lọ́jọ́ Sátidé. A ó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, a ó ra epo fúnra wa. Kó ṣáà ti já fọ́tò ìgbéyàwó rẹ̀ kúrò lára ògiri ká tó dé.