Òmùgọ̀ Tó Fẹ́ Kó Ẹbí Rẹ̀ Lọ sí Ìkòròdú, Wá Gbàmọ̀ràn

Òmùgọ̀, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, mo gbọ́ pé láńlọ́ọ̀dù rẹ ní Ṣómólú tún ti fowó kún owó ilé. Ó ní ọdún méjì lòun fẹ́ gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwọ náà gbé ìwé jáde, o ka òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe lọ́dún 2011 fún un, pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ. Bàbá náà tẹ́tí, ó gbọ́ ọ dópin, ó ní ó dáa, kí o palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́, kí o lọ máa gbé inú òfin.

Bí o ṣe pinnu láti di onílé nìyẹn. Ìkòròdú ni wọ́n júwe fún ọ, pé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ tọ́wọ́ lè tó. Mi ò ní kí o má lọ. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé ọ̀nà òmùgọ̀ ni wàá gbà lọ, ó yẹ kí ẹnìkan là á sílẹ̀ fún ọ, kí o má baà ṣèèṣì fọgbọ́n ṣe é.

Ohun àkọ́kọ́: má sọ fún ìyàwó rẹ. Ìyá Tóbi á fẹ́ mọ ibi tí ọjà wà, ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ibẹ̀ tí ara ọmọ bá gbóná lóru, àti bóyá ẹnikẹ́ni wà ládùúgbò náà tó lè ṣílẹ̀kùn téèyàn bá ké. Irú ìbéèrè báyìí kì í jẹ́ kí ilẹ̀ dùn rà. Sanwó tán ná. Lẹ́yìn náà ni kí o mú un lọ síbẹ̀, kí o na ọwọ́ sí igbó, kí o wá máa wojú rẹ̀ bóyá á rẹ́rìn-ín.

Sọ́ńdè ni kí o lọ wo ilẹ̀. Kó jẹ́ Sọ́ńdè inú oṣù kìíní, nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì dé láti ibi tí wọ́n ti lọ ṣọdún. Láti Ṣómólú, wàá bọ́ sójú ọ̀nà Ìkòròdú, wàá kọjá Kétu, Máìlì 12, Owódé Oníríìn àti Májíìdún bí ẹni tí afẹ́fẹ́ ń gbé lọ. Ogójì ìṣẹ́jú péré. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú yìí ni wàá máa fi bá gbogbo ayé jiyàn fún ọdún mẹ́ta tó ń bọ̀.

Éjẹ́ńtì á ti dúró dè ọ́ ní Àgríkì pẹ̀lú ọ̀kadà. "Ọ̀gá mi, kò jìnnà, ẹ̀yìn ibí yìí ni." Ẹ óò máa lọ títí títì ọlọ́dà á fi tán, tí òpó iná á fi tán, tí ṣọ́ọ̀ṣì á fi ku ẹyọ kan. Ilẹ̀ á le kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, ọyẹ́ á máa fẹ́, gbogbo koríko á ti gbẹ, àfi èyí tó wà lórí púlọ́ọ̀tì tìrẹ tó tutù yọ̀yọ̀. Éjẹ́ńtì á ní nítorí pé ilẹ̀ ọlọ́ràá ni. Má bi í léèrè ohun tí koríko ń mu láàárín ẹ̀ẹ̀rùn. Má sì wo ògiri ilé tó kángun sí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ìlà pupa kan wà lára ògiri náà, ó lọ gbọọrọ láti igun kan dé ìkejì, ó ga dé orókùn àgbàlagbà. Tójú rẹ bá bọ́ sí i, sọ fún ara rẹ pé onílé ló fi ọ̀dà ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́.

Ọlọ́gbọ́n máa ń bi obìnrin tó ń ta àkàrà ní kọ̀ọ́nà nípa omi, torí òun ò ní kọ́míṣọ́ọ̀nù gbà nínú ọ̀rọ̀ náà. Obìnrin yẹn á ní kí o dúró dìgbà òjò. Ìdídò Ọ̀yán, nítòsí Abẹ́òkúta, ti wà láti ọdún 1983. Tí òjò bá pọ̀ tó fi kún, wọ́n á tú omi rẹ̀ sílẹ̀, odò Ògùn á sì gbé e wá bá àwọn ará Owódé, Máìlì 12 àti Ajégúnlẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Ọdọọdún ni wọ́n ń kìlọ̀ rẹ̀ lórí rédíò. Ti púlọ́ọ̀tì tìrẹ ò tiẹ̀ nílò Ọ̀yán rárá. Ojú àgbàrá gan-an ni wọ́n gé tà fún ọ.

Ọ̀rọ̀ ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Láti ìgbà tí òfin ilẹ̀ ọdún 1978 ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, nítorí náà ilẹ̀ tí ìdílé kan ń tà lè jẹ́ èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé tipẹ́. Ọ́fíìsì sọ̀fíyọ̀ àgbà ìjọba wà ní Alausa, wọ́n lè yẹ àwòrán ilẹ̀ náà wò fún ọ, kí wọ́n sọ bóyá ó bọ́ sínú ti ìjọba tàbí kò bọ́ sí i. Kí ni òmùgọ̀ fẹ́ lọ wá débẹ̀, nígbà tí olórí ìdílé fúnra rẹ̀ ti gbé ọwọ́ lé e lórí, tó súre fún un, tó sì búra pé orí ilẹ̀ yìí ni bàbá òun ti ń gbin ẹ̀gẹ́? Ẹ̀gẹ́ ò níwèé. Gba rìsíìtì, ya fọ́tò pẹ̀lú Bàbá, ó tán. Púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Ní oṣù kẹta, ìdílé kejì á wá kí ọ, àwọn náà á sì sọ pé ẹ̀gẹ́ bàbá tiwọn ni.

Wàyí o, ilé kíkọ́. Níbí ni kí o ti fara balẹ̀, nítorí ẹ̀kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí tírélà búlọ́ọ̀kù bá já ẹrù, àwọn ọmọkùnrin mẹ́fà á ti jókòó sórí rẹ̀ kí dírẹ́bà tó yí mọ́tò padà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. A rí i pé ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwa ọmọ onílẹ̀ la wá kí yín."

"Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àbúrò mi."

Wọn ò ní dìde.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti kí yín. Ẹ̀yin náà, ẹ kí wa."

Kíkí yìí ní orúkọ oríṣiríṣi. Owó ìpìlẹ̀ wà. Owó lẹ́ntù wà, tí ó bá jẹ́ ilé alájà owó dẹ́kìn wà, owó òrùlé wà, owó géètì wà. Ẹnìkan tiẹ̀ gba owó súsà lọ́wọ́ ará ẹ̀yìnkùlé wa, ó ní ihò tí wọ́n gbẹ́ náà wà nínú ilẹ̀. Èkó ti ṣòfin lọ́dún 2016 pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni máa fipá gba irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé. Òmùgọ̀ á gbé òfin náà jáde, á kà á sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà létí lórí búlọ́ọ̀kù. O ò rántí bí ti Ṣómólú ṣe parí ni? Tí o bá fẹ́ lo òfin, lọ́yà àti ọlọ́pàá ni wọ́n ń fi lò ó. Kì í ṣe ohùn.

Oṣù kẹfà ni owó ilé rẹ ní Ṣómólú tán, oṣù kẹfà náà ni kí o kó. Má dúró de fèrèsé, lílọ́ọ̀nù á ṣe é. Lọ́rì ò ní lè dé ẹnu géètì, á rì níbi ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo yẹn. Ọkùnrin mẹ́rin á gbé fìríìjì lórí nínú òjò, ìkẹrin wọn á fi bàtà ọ̀tún rẹ̀ sílẹ̀ sínú ẹrẹ̀, kò sì ní padà wá mú un. Ìyá Tóbi á dúró sábẹ́ agbòòrùn, kò ní sọ nǹkan kan. Bẹ̀rù rẹ̀.

Nígbà tó bá di Mọ́ńdè, wàá rí i pé ogójì ìṣẹ́jú ti lọ síbi tí Sọ́ńdè lọ. Ọdún 2008 ni bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ sí í ná Máìlì 12 sí CMS ní Erékùṣù Èkó, bíi kìlómítà 22. Lọ́dún 2015, wọ́n fà á dé Ìkòròdú, kìlómítà 13 àti ààbọ̀ sí i. Gbogbo rẹ̀ ò pé kìlómítà 36. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ débi iṣẹ́ ní Erékùṣù ní agogo mẹ́jọ máa ń kúrò nílé ní agogo mẹ́rin ààbọ̀, nígbà tí àkùkọ ṣì ń ro ó. Òmùgọ̀ kan tó ti lọ ṣáájú rẹ ní òun ò tò sórí ìlà, òun ní mọ́tò. Ó wa mọ́tò náà títí di ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Epo tí lítà rẹ̀ ò tó 200 náírà fò kọjá 480 láàárín ọjọ́ mélòó kan. Adìẹ ló ń yé sábẹ́ mọ́tò náà báyìí.

Ọkọ̀ ojú omi wà ní Ìpakodò tó ń gba orí ọ̀sà lọ. Òmùgọ̀ ní láéláé, òun ò mọ̀wẹ̀. Ó sọ ọ́ lójú ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ká ṣòkòtò dé itan, omi ń ṣàn kọjá láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ti àwọn ọmọ rọrùn: fi wọ́n sílẹ̀ ní ilé ìwé wọn ní Ṣómólú, nítorí o ti sanwó táàmù. Tóbi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje á máa sùn lórí ìdúró, ìbọ̀sẹ̀ kan lẹ́sẹ̀, èkejì lọ́wọ́.

Òmùgọ̀ tún máa ń rò pé ilẹ̀ ṣófo ni Ìkòròdú tó ń dúró de òun láti Ṣómólú. Àwọn ará Rẹ́mọ tẹ ibẹ̀ dó tipẹ́tipẹ́, oko odù ni wọ́n ń pè é kí orúkọ náà tó yí. Ó lọ́ba, ó ní ìṣe. Tí ọjọ́ Orò bá ń bọ̀, wọ́n á kéde rẹ̀ kí àwọn obìnrin lè ra ohun tí wọ́n máa jẹ sílẹ̀, kí wọ́n sì wà nínú ilé. Òmùgọ̀ ò ní gbọ́, nítorí kò ní kí aládùúgbò kankan. Ìyá Tóbi ló máa gbọ́, lẹ́nu ẹni tó ń ta ata.

Iná ńkọ́? Lọ sí mítìnì àwọn onílé lópin oṣù. Ẹ óò dáwó ra òpó, ẹ óò dáwó ra wáyà, ẹ óò dáwó ra tíráńsífọ́mà, ẹ óò pa ewúrẹ́ lọ́jọ́ tó bá dé. Láti ọjọ́ náà lọ, ti àwọn oníná ni. Tó bá jó, ẹ tún dáwó.

Mo mọ̀ pé àwọn ará Ìkòròdú á ti máa bínú sí mi. Ẹ má bínú. Ọdún kẹsàn-án mi rèé níbẹ̀, mi ò sì ní padà. Ìyàwó mi ń já ewédú lẹ́yìnkùlé, àwọn ọmọ ní ibi tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mi fún owó ilé. Ìgbà tí mo wá wò ó ni mo ṣì mú.

Tí o bá ṣì fẹ́ wá, wá ní oṣù kẹwàá, lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kí o kúrò ní Erékùṣù ní agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Mú Ìyá Tóbi dání. Ẹ wọ bàtà òjò. Tí ẹ bá dé Àgríkì, ẹ bèèrè ilé tí ìlà pupa wà lára ògiri rẹ̀, èmi ni mo ni ín. Kì í ṣe ọ̀dà.