Bàlúù Tó Kù Díẹ̀ Kó Fò
Bàlúù ìṣeré oníbátìrì, irú èyí tí wọ́n ń fi rìmóòtù darí kó máa tàkìtì lójú ọ̀run, sábà máa ń wà nínú páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó kù díẹ̀ kó fò. "Díẹ̀" yìí gba àlàyé. Ohun tó wà nínú páálí ni apá, ìrù àti ara, tí wọ́n fi igi balsa fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí fóòmù ṣe. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni mọ́tò, bátìrì, ẹ̀rọ tó ń ṣòdiwọ̀n iná, ẹ̀rọ tó ń gba àṣẹ àti rìmóòtù fúnra rẹ̀. Gbogbo ohun tó ń mú bàlúù fò gan-an ni díẹ̀ tó kù. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń tò ó kì í fi àkókò ṣòfò: ìka ọwọ́ ló máa ń kọ́kọ́ lẹ̀, kó tó rántí igi. Lẹ́yìn náà ni àgbàlagbà á fi ìka méjì gbé bàlúù lábẹ́ apá, á di èémí mú bí ẹni gbé ẹyin, kó lè mọ̀ bóyá ìwúwo rẹ̀ dọ́gba. Bí ìrù bá tẹ̀, ó kù díẹ̀ káàtó nìyẹn. Bátìrì á sún síwájú. Àyẹ̀wò tí wọ́n máa ń gbàgbé ni bóyá etí apá ń yí síbi tí rìmóòtù ní kó yí sí. Bí ó bá ń ṣe òdìkejì, ọ̀tún á dòsì, fò á di fọ́, wọ́n á sì ṣa á padà sínú páálí, tí àkọlé rẹ̀ kò tíì yí padà.